Ìparí ọ̀rọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ń jáàkì: jẹ́ẹ̀tì ló dí

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará. Ẹ́ńjìnnì 15 hp tí mo béèrè nípa rẹ̀, tó ń jáàkì tí a bá yí ọwọ́ iná rẹ̀ lójijì, ti ń sáré dáadáa. Púlọ́ọ̀gì kọ́; jẹ́ẹ̀tì ni, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀.

Bí a ṣe ń fún bọ́ọ̀lù rọ́bà tó wà lára ọ́ọ̀sì epo, jíjáàkì rẹ̀ kò yí padà. Ṣóòkù díẹ̀, èyí tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀ sí i, ló mú un sáré. Epo ń dé kabúrétọ̀, kì í kàn kọjá tó nínú rẹ̀ ni. Ká ní bọ́ọ̀lù yẹn ló ràn án lọ́wọ́ ni, pọ́ǹpù epo tàbí ọ́ọ̀sì la ò bá tú.

Omi ṣù jọ sábẹ́ epo nínú ago ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, gọ́ọ̀mù epo àtijọ́ sì lẹ̀ mọ́ ojú jẹ́ẹ̀tì ńlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wáyà gún un: ihò rẹ̀ á fẹ̀, epo á wá máa pọ̀ jù. Kabúrétọ̀ kílínà àti afẹ́fẹ́ fọkanáísà tó wà ní gbogbo ìkòríta Òṣogbo ti tó. Ẹ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ago náà.

Tú-sítírókù ni tiwa, irú tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, epo 50 sí ọ́ìlì 1: kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ìdajì lítà ọ́ìlì. Kẹ́ ẹ tó gbé e pamọ́, ẹ yọ ọ́ọ̀sì epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú omi, kó jó epo tó kù nínú kabúrétọ̀ tán.