Ta ló mọ ilé ìwòsàn tó ní nọ́ọ̀sì lóru nítòsí Arákàlẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Èmi àti màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Arákàlẹ̀ ni. Ẹni ọdún 72 ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá wọn fínra.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, orí fọ́ wọn débi pé ojú wọn ń ṣú. Mo gbé wọn sórí ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí kò jìnnà. Lẹ́yìn tá a sanwó káàdì tán ni nọ́ọ̀sì sọ pé bátìrì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ti kú. Bátìrì o! Èmi ni mo sáré jáde lọ ra á. Ìgbà tí wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n, 180 lórí 110.

Mo mọ Mother and Child ní Òkè-Àró, àmọ́ ti aboyún àtọmọdé nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wo, ní Arákàlẹ̀ tàbí Ìsìkàn, ló ń ṣí lóru? Kẹ́míìsì wo ni kì í ta ayédèrú? Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò, ku ti ọjọ́ mẹ́rin péré.