Ìṣe ni, kì í ṣe iṣẹ́: lórí orúkọ tí a ń wá fún occupational therapy

Ẹ̀yin ará mi,

Mo kí yín láti Adó-Èkìtì. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá tí a ó fún occupational therapy yìí, ìtọ́jú tí wọ́n fi ń ran ẹni tí ara tàbí ọpọlọ ń dà láàmú lọ́wọ́ kó lè máa ṣe ohun ojoojúmọ́ bíi jíjẹun àti wíwọ aṣọ. Arákùnrin wa tó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn ní kí a pè é ní "ìwòsàn oníṣẹ́-ọwọ́". Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkọ̀lé ní "ìtọ́jú iṣẹ́-òòjọ́" ló dáa. Lánàá ni àbúrò kan tún dábàá "ẹ̀kọ́ ìdáṣe". Mo ti ń kà á látìgbà yìí, mi ò dá sí i, torí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, èdè-ìperí, ìyẹn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìmọ̀, kọ́ ni mo kà níwèé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń bẹ nínú ilé mi. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní cerebral palsy, ìyẹn ìpalára ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí iṣan ara gbọ́rọ̀ sí ọmọ lẹ́nu dáadáa. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ (jaundice) ló mú un nígbà tó wà ní ìkókó, a ò tètè mọ̀ pé ó le tó bẹ́ẹ̀, ó sì ti ba ibì kan jẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀ kí a tó dé ilé ìwòsàn. Ọdún márùn-ún rèé tí a ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ẹ ń wá orúkọ fún iṣẹ́ wọn yìí.

Ẹ jẹ́ kí n mú "ìwòsàn" ṣáájú, torí òun ló ń dùn mí jù. Wọn kì í wo ọmọ sàn níbẹ̀. Cerebral palsy kì í ṣe ohun tí a ń wò sàn, autism náà, tí ọpọlọ ọmọ ń gba ọ̀rọ̀ àti ohun àyíká ní ọ̀nà tó yàtọ̀, kì í sì í ṣe àìsàn tí ọmọ ń lo oògùn sí tí yóò fi lọ. Bí ẹ bá pè é ní ìwòsàn, ìyá á gbé ọmọ pọ̀n wá láti Ọ̀yẹ́ tàbí Ìjerò, á san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, á sì máa retí ọjọ́ tí ọmọ yóò dìde. Bó bá lọ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rí i bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn. Obìnrin kan jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì lọ́dún tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó yí sí mi, ó ní, "Wọ́n kàn ń fi ọmọ ṣeré ni. Ẹ ò rí i pé wọn ò fún wa lóògùn?" Mi ò rí òun àti ọmọ náà mọ́. Ẹni tó júwe ibẹ̀ fún un ló ti sọ fún un pé wọn á wo ọmọ rẹ̀ sàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lé e lọ.

Ibi tí arákùnrin wa ti rí "iṣẹ́-ọwọ́" yé mi, ìtàn sì gbè é lẹ́yìn. Ní ọdún 1917 tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Clifton Springs ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́-ọwọ́ ló gbòde lóòótọ́: apẹ̀rẹ̀ híhun, aṣọ híhun, iṣẹ́ igi. Òun ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn sójà tó gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní àti àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Èmi ò bá apẹ̀rẹ̀ kankan níbẹ̀ rí. Bí a bá sì fi apẹ̀rẹ̀ sọ orúkọ, kí ni ti ọmọ tí kò tíì lè gbé ṣíbí kan ẹnu?

"Iṣẹ́-òòjọ́" sún mọ́ ọn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún létí wa. Iṣẹ́ òòjọ́ ẹni lohun tí ẹni fi ń jẹun: oko, ọjà, ọ́fíìsì. Nígbà tí mo sọ fún bàbá ọkọ mi pé wọ́n á máa kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ òòjọ́, bàbá wò mí títí, wọ́n ní, "Uṣẹ́ wo? Ọmọ ọdún mẹ́rin?" Bí a ṣe ń pè é lẹ́nu Èkìtì nìyẹn, uṣẹ́. Mi ò rí èsì fún bàbá lọ́jọ́ yẹn, torí pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí a mú ni "ìṣe". Occupation tí òyìnbó fi sọ ọ́ lórúkọ kò dúró lórí iṣẹ́ oúnjẹ nìkan, ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú èdè Látìn ni kí a gba nǹkan mú. Ohun tó ń gba ọwọ́ àti ọkàn ènìyàn láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń sọ. Fún ọmọdé, ìyẹn ni jíjẹun, wíwọ aṣọ, fífọ eyín, lílọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, eré, ìwé kíkọ, oorun pàápàá. Ìṣe ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí sì tún ní ohun kan nínú tí "iṣẹ́" kò ní: a máa ń sọ pé àṣà àti ìṣe, ìṣe ilé yìí, ìṣe Èkìtì. Ìṣe kì í wà láìní ilé tó ti wá.

Mo rí èyí pẹ̀lú ojú mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣíbí ni obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ mi fún un, ó wé rọ́bà àti àkísà mọ́ ibi ìdìmú rẹ̀ kó lè tóbi lọ́wọ́, torí ọwọ́ ọmọ kò ká dé ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń lọ dáadáa. Nígbà tó di ọjọ́ kan, ó bi mí pé kí la máa ń jẹ jù nílé. Mo ní iyán, kí tún ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé iyán wá lọ́jọ́ Ẹtì. Àṣé a ti ń kọ́ ọmọ ní ohun tí kò sẹ́ni tó ń ṣe é ní àyíká rẹ̀. Gbogbo ilé ń fọwọ́ jẹun nínú àwo kan, òun nìkan ló ń mú ṣíbí.

Àga ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Káfíńtà àdúgbò wa ló kàn án, obìnrin náà sì wọn ọmọ bí ẹni pé aṣọ ló fẹ́ rán fún un: kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, kí orúnkún ká dáadáa, kí tábìlì ga dé ìgúnpá. Ó ní bí ìdí kò bá jókòó, ọwọ́ kò ní ráyè, torí ọmọ á máa fi ọwọ́ di ara rẹ̀ mú kó má ṣubú. Lẹ́yìn náà ló wá fi òkèlè kékeré síwájú rẹ̀. Kò di ọmọ lọ́wọ́ mú, ìgúnpá ló kàn fọwọ́ gbé díẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka méjì, mú un, yí i, tẹ̀ ẹ́ sínú ọbẹ̀. Òkèlè ń jábọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń jábọ́. Ọjọ́ tó dé ẹnu, ẹ̀fọ́ ti kun imú àti àgbọ̀n rẹ̀, ó wo bàbá ọkọ mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá kò tún béèrè pé uṣẹ́ wo mọ́.

Kò sí "iṣẹ́" kankan nínú ohun tí mo sọ yìí, ẹ̀yin ará mi. Fisió (physiotherapist) ló ń bá wa ṣe ti iṣan àti ìrìn, ìyẹn sì ṣe pàtàkì. Ìṣe ni ti àwọn wọ̀nyí.

Ìṣe náà kì í ṣe ti ọwọ́ nìkan. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tó máa ń di etí tó sì ń ké bí wọ́n bá lu agogo, tó ń fa ọrùn aṣọ rẹ̀ ya. Olórí kunkun la pè é, èmi náà pè é bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí di òní. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ yìí yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní etí rẹ̀ ń gba ariwo ju tiwa lọ, ara rẹ̀ náà kò sì gba aṣọ tó bá ń rin ín. Wọ́n ní kí a gbé e jìnnà sí agogo, kí n máa sọ fún un kí wọ́n tó lù ú, kí ìyá rẹ̀ gé bébà tí wọ́n rán mọ́ ọrùn ẹ̀wù kúrò. Ó ń jókòó kàwé báyìí.

Ọ̀rọ̀ kù lórí "ìdáṣe" tí àbúrò wa mú wá. Ó kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀wé pé mo fara mọ́ ọn. Mo wá rò ó. Àwọn ọmọ kan wà tí wọn kò ní dá wọ aṣọ láéláé. Mo mọ ọmọbìnrin kan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu rárá. Ohun tí wọ́n kọ́ òun àti ìyá rẹ̀ ni pé kí wọ́n gbé aṣọ méjì sókè láràárọ̀, kí ọmọ fi ojú mú èyí tó wù ú. Ìyá ló ń wọ̀ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n aṣọ tí ọmọ yàn ni. Bí "ìdáṣe" bá jẹ́ orúkọ, ọmọ yẹn ti kùnà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, mo mú "ìtọ́jú ìṣe-ojúmọ́" wá. Ẹ lè ní ìtọ́jú náà ń dún bí àìsàn. Rárá o. A ń tọ́jú ilé, a ń tọ́jú owó, a ń tọ́jú oúnjẹ de àlejò, kò sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn. "Ojúmọ́" ni mo sì fi rọ́pò "òòjọ́" kí ọkàn ẹnikẹ́ni má baà lọ sórí owó. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n èdè wa ni wọn yóò fi bá ìyá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n lè sọ fún ìyá lórí bẹ́ǹṣì tí kò ní í jẹ́ irọ́.

Orúkọ ẹni tó ń ṣe é ni mi ò tíì rí yanjú. "Olùtọ́jú ìṣe-ojúmọ́" gùn lẹ́nu díẹ̀, mo fẹ́ gbọ́ tiyín. Nínú ilé tiwa, ọmọ ti sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀. Bọ́tìnnì ni obìnrin náà fi kọ́ ọ ní aṣọ wíwọ̀, láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀: apá tó le ni kí a kọ́kọ́ kì bọ aṣọ, òun á de gbogbo bọ́tìnnì, á fi ti ìsàlẹ̀ pátápátá sílẹ̀ ní àbọ̀, kí ọmọ fa ìyókù yọ, kó lè jẹ́ pé òun ló parí rẹ̀. Àǹtí Bọ́tìnnì ló ń pè é.