Àmúlùmálà kọ́, àdàlù ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Orúkọ la ń wá fún ètò ẹ̀kọ́ tó ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba báyìí, èyí tí ọmọ ń gba apá kan rẹ̀ lẹ́nu olùkọ́ ní kíláàsì, tó sì ń gba ìyókù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "blended learning". Ọ̀gá wa kan dábàá "ẹ̀kọ́ àmúlùmálà". Ẹlòmíràn ní "ẹ̀kọ́ àdàlù", làwọn kan bá ń rẹ́rìn-ín pé ọ̀rọ̀ ìdí ààrò kò yẹ nínú ìwé ìjọba. Ẹ̀yìn àdàlù lèmi wà.

Bí wọ́n bá ní ẹ̀sìn ẹnì kan jẹ́ àmúlùmálà, ìyìn kọ́ ni. Èdè àmúlùmálà ńkọ́? Òun ni olùkọ́ Yorùbá ń fi bírò pupa fàlà sí lábẹ́. Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan dìde níwájú àwọn òbí ní Aké, l'Abẹ́òkúta níbí, kó ní ẹ̀kọ́ àmúlùmálà lòun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìjà ló dá sílẹ̀ yẹn.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń se àdàlù. Inú ìkòkò kan náà ni ẹ̀wà àti àgbàdo wà, síbẹ̀ ojú ń rí èyí tó jẹ́ ẹ̀wà, ó ń rí èyí tó jẹ́ àgbàdo. Wọn kì í sì í ṣàdédé dà á sómi pọ̀: bí àgbàdo bá gbẹ, òun la kọ́kọ́ ń gbé kaná, bó bá tutù, ẹ̀wà ní í ṣíwájú. Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn. Pé a ní kíláàsì, a tún ní fóònù, kò tíì di ẹ̀kọ́ àdàlù. Ẹnì kan ní láti pinnu èyí tó máa ṣíwájú àti ohun tí èkejì máa fi kún un. Ilé-ẹ̀kọ́ tó kàn ya fọ́tò nóòtì sórí WhatsApp, tí olùkọ́ tún wá ń ka nóòtì kan náà ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì, ìkòkò méjì ló gbé kaná. Orúkọ tó bá jẹ́ kí ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú lè bi ọ̀gá pé "èwo lẹ kọ́kọ́ gbé kaná?" ti ṣe tirẹ̀.

Ní ti pé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni, Abẹ́òkúta yìí náà ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn èdè Yorùbá tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn ní 1859. Ìwé, ìròhìn: ọ̀rọ̀ ẹnu ará ìlú ni méjèèjì, síbẹ̀ wọ́n yẹ lórí ìwé.

Àwọn tó ní ká máa pe gbogbo rẹ̀ ní "ẹ̀kọ́ ayélujára" ti fẹ ọ̀rọ̀ náà jù. Nígbà tí kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní 2020, orí tẹlifíṣọ̀n OGTV ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀kọ́ orí afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ọmọ kò lè dá a dúró kó tún un gbọ́. Ní Florida, ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan wà láti 1997, Florida Virtual School, tí ọmọ ti lè kọ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan látòkèdélẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ ayélujára pọ́ńbélé.

Ọ̀kan ṣì kù. Ẹnì kan dábàá "kíláàsì ìyísódì" fún irú èyí tí ọmọ ti wo àlàyé olùkọ́ nílé, tó wá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "flipped classroom". Rárá o. Ìyísódì ti níṣẹ́ nínú gírámà, òun ni "kò" àti "kì í". Ọmọ SS2 tó bá gbọ́ ọ á rò pé kò sí kíláàsì mọ́ ni. A ṣáà ti ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí ló dé tí a kò ní "kíláàsì àkọ́tiléwá"? Fídíò ni o, ìwé kíkà ni o, ó gba méjèèjì. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ó jọ ẹ̀kọ́ ilé. Kí onítọ̀hún mú tirẹ̀ wá.