Ẹ gbà mí o, irun mi ń re: ṣé onídìrí ló fà á àbí àìsàn ni?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi, ẹkún ti fẹ́ẹ́ pa mí. Onídìrí tí mo ti ń lò látìgbà tí mo dé Ìbàdàn ló bá mi di bíréèdì kéékèèké lóṣù tó kọjá, ó fà á débi pé mi ò lè forí lé ìrọ̀rí, ₦18,000 ló gbà, ṣéńjì ẹgbẹ̀rún kan mi sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ títí dòní. Mo tú u ní Sátidé, hàà! Irun tó bá òòyà jáde tó ìtẹ́ ẹyẹ. Mo kó o sínú ọ̀rá lọ bá a, ó ní ṣé òun lòun gbin irun sí mi lórí ni. Ìyá ọkọ mi ní ayé ló ń fi irun mi ṣe nǹkan. Ọkọ mi ní kò sóbìnrin tírun ẹ̀ kì í re. Kí ni kí n fi pa á?

Arẹwà Ẹ̀gbá: Pẹ̀lẹ́ o. Po àdín dúdú mọ́ omi àlùbọ́sà, máa fi pa á lálaalẹ́.

Ìyá Ìbejì: Tèmi rèé. Ìgbà tí mo bí àwọn ìbejì, oṣù mẹ́ta pé, irun bẹ̀rẹ̀ sí í re ní ẹ̀kúnwọ́, mo tiẹ̀ fọwọ́ yọ ọ́ lẹ́nu Kẹ́hìndé lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé irun tí kò re nígbà oyún ló ń re lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n tó pọ́dún kan ó ti dúró. Ṣó o bímọ láìpẹ́ ni?

Ẹni tó béèrè: Rárá mà, àbígbẹ̀yìn mi ti pọ́dún mẹ́fà.

Bàbá Fẹ́ranmí: Ẹ̀yin náà lẹ fà á. Ẹ fi gúlúù lẹ wíìgì mọ́ iwájú orí, ẹ di irun débi pé ojú ò ṣeé pa dé, ẹ tún ń wá ẹni tó ṣe é.

Arẹwà Ẹ̀gbá: Ìmọ̀ràn ló béèrè sà, kò béèrè èébú.

Màmá Tòmí: Òótọ́ wà níbẹ̀ o. Lápá ẹ̀bátí mi méjèèjì, ọdún kẹjọ rèé tí kò hù mọ́. Ó máa ń yọ hóró kéékèèké bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun, mo rò pé ooru ni. Ìgbà tójú ẹ̀ ti ń dán ni mo tó rí dókítà awọ, ó ní ihò irun ti dí pátápátá.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ jẹ́ n bi yín. Irun 50 sí 100 ló ń re lórí èèyàn lójúmọ́. Bẹ́ ẹ bá dirun fọ́sẹ̀ mẹ́rin, èyí tó re kò ríbi jáde, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tú u ni gbogbo ẹ̀ máa tú jáde, ìyẹn nìkan ò burú. Ẹ mú fọ́nrán kan, ẹ wò ó síbi ìmọ́lẹ̀: bó bá ní hóró funfun nídìí, ó re láti orí ni, bí kò bá ní tó sì kúrú, ó gé ni. Ibo ló ti ń re? Ṣójú kan wà tó pá roboto? Ṣó ń yún, ṣó ń ta? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ibà ńlá ṣe yín ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn? Nǹkan oṣù yín ńkọ́?

Ẹni tó béèrè: Mi ò fi rílásà sórí láti 2021 o, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé èmi ni. Gbogbo orí ló fẹ́lẹ́, funfun wà nídìí ẹ̀. Ṣéńjì mi ṣáà, mo máa gbà á.

Ìyá Ìbejì: Tó roboto bíi ti ọmọ àbúrò mi ni, làpálàpá orí nìyẹn. A pa á títí, oògùn mímu ló padà wò ó.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ìgbà wo? Nǹkan oṣù ńkọ́?

Ẹni tó béèrè: Ká sòótọ́ mà, ó ti ń re kí n tó di bíréèdì yẹn, bí oṣù márùn-ún. Nǹkan oṣù mi máa ń pọ̀, ìyá mi náà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́jọ ni, wákàtí wákàtí ni mò ń pààrọ̀ páàdì, mi ò mọ̀ pó kan irun ni mi ò ṣe sọ. Bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù wa, mo máa dúró mí lẹ́ẹ̀mejì, àyà mi á máa lù kìkì. Oúnjẹ ò wù mí, yìnyín inú fíríìsà ló ń wù mí, abọ́ kan lójúmọ́, màá máa rún un bí ẹ̀pà.

Màmá Tòmí: Yéè! Ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ!

Arẹwà Ẹ̀gbá: Lọ ra biotin, fítámì irun yẹn, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ kíá.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ má ra nǹkankan kẹ́ ẹ tó ṣàyẹ̀wò. Ọ̀la ni kẹ́ ẹ lọ sílé ìwòsàn. Bí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù bá ń pọ̀ jù, irin inú ara á máa dín kù, irun á sì máa re. Kí wọ́n wo PCV tó ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, ferritin tó ń sọ iye irin tó wà nípamọ́ nínú ara, àti thyroid, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lọ́rùn. Bẹ́ ẹ bá ti lo biotin, ẹ sọ fún wọn, ó máa ń da èsì thyroid rú. Kí wọ́n wo ilé ọmọ yín náà, bóyá ìju (fibroid) wà níbẹ̀. Irun kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù báyìí o.

Bàbá Fẹ́ranmí: Ẹ má bínú sí mi. Kí ọkọ yín gbé yín lọ, ẹ má dá lọ.

Ẹni tó béèrè: *(lẹ́yìn ọjọ́ méjì)* Ẹ ṣé gan-an. PCV mi 21, wọ́n ní ó yẹ kó tó 36. Ẹni tó gba èsì náà bi mí pé ṣé ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn wọlé. Wọ́n ti fún mi lóògùn, Ọjọ́bọ̀ ni scan ilé ọmọ, irun á gba oṣù mélòó kan kó tó hù padà. Ìyá ọkọ mi wà ní kíṣìnnì báyìí, ẹ̀fọ́ ṣọkọ ló ń rẹ́.