Ìdíje chess àwọn obìnrin wo ni ẹ ò lè gbàgbé? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Kì í ṣe èsì nìkan ni mo fẹ́ gbọ́ o. Ohun tí ojú yín rí nígbà tí ẹ ń wò ó ni kí ẹ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Women's Candidates ti Toronto ni tèmi, oṣù kẹrin ọdún 2024. Àwọn mẹ́jọ ni wọ́n kó jọ, kálukú á bá ẹnì kọ̀ọ̀kan ta lẹ́ẹ̀mejì, ìpele 14 lápapọ̀. Ẹni tó bá gbégbá orókè ló máa lọ gbéna wojú Ju Wenjun ọmọ Ṣáínà, tí adé àgbáyé wà lórí rẹ̀. Vaishali ọmọ Íńdíà ni mo ń tì lẹ́yìn. Praggnanandhaa àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ta tiẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìdíje kejì, ìyẹn Candidates ti gbogbogbòò tí kì í ṣe ti obìnrin nìkan, nínú ilé kan náà. Ọmọ ìyá méjì, ẹ fojú inú wò ó!

Láti ìpele kẹfà dé ìkẹsàn-án, wọ́n na Vaishali lẹ́ẹ̀mẹ́rin léraléra. Ẹni tó bá ti ta chess rí mọ̀ pé ẹyọ kan péré lè gba oorun lójú ènìyàn, áńbọ̀sìbọ́sí mẹ́rin, lójú gbogbo ayé. Máàkì 2.5 ló ní nínú 9, òun nìkan ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń wò ó ti yí ojú sí Tan Zhongyi tó ń léwájú. Èmi ò kúrò níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ irú ayò tí ẹni tí kò ní adé kankan lé mọ́ máa ta.

Ó ta á fún wa! Ìpele kẹwàá, ó jẹ. Ìkọkànlá, ó jẹ. Ó jẹ márùn-ún léraléra títí ìdíje fi parí. Nínú ìpele kẹtàlá, Lei Tingjie tó ń lé Tan kíkankíkan ló bọ́ sí i lọ́wọ́, mo sì dìde dúró nínú yàrá lémi nìkan. Tan ló gba ife pẹ̀lú máàkì 9, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Vaishali parí pẹ̀lú 7.5, bákan náà pẹ̀lú Humpy ọmọ Íńdíà àti Lei.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù láti máa wò ni aago. Ìṣẹ́jú 90 ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ìrìn 40 àkọ́kọ́, tí ìṣẹ́jú-àáyá 30 sì ń wọlé sí i ní gbogbo ìrìn. Tí aago bá wá kù díẹ̀ kó tán, tí ìrìn mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ṣì kù kó tó pé 40, ẹ máa wo ọwọ́ wọn. Ọwọ́ kan á gbé ọmọ ayò, á tẹ aago, á tún padà wá mú bíírò láti kọ ìrìn náà sílẹ̀, ojú ò sì ní kúrò lórí ọpọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa òpó funfun òun dúdú tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ ẹni tó ń borí. Tó bá wà níbẹ̀, òun lẹ máa wò, ẹ ò ní wo ayò mọ́.

Ohun kan ṣì ń dùn mí: 250,000 yúrò ni gbogbo owó ẹ̀bùn àwọn obìnrin, ti ìdíje kejì jẹ́ 500,000. Iye ìpele kan náà ni wọ́n ta o.

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Batumi ni tèmi, ní Jọ́jíà, oṣù keje ọdún 2025, àṣekágbá ife àgbáyé àwọn obìnrin. Humpy, ẹni ọdún 38, àti Divya Deshmukh, ẹni ọdún 19, ọmọ Íńdíà làwọn méjèèjì. Ọdún 2002 ni Humpy ti di grandmaster, oyè tó ga jù nínú chess, wọn ò tíì bí Divya nígbà náà.

Ẹ mọ̀ pé norm mẹ́ta, ìyẹn èsì ìdíje tó dé ìwọ̀n grandmaster, ni wọ́n sábà máa ń kó jọ kí wọ́n tó di grandmaster. Divya ò ní ẹyọ kan nígbà tó dé Batumi. Ṣùgbọ́n òfin ni pé ẹni tó bá gba ife yìí ti di grandmaster nìyẹn. Ó ti lé Zhu Jiner lọ, ó lé Harika lọ, ó lé Tan Zhongyi pàápàá lọ. Ọ̀mì ni ayò gígùn méjèèjì nínú àṣekágbá, ló bá di ayò kíákíá. Àkọ́kọ́ tún jẹ́ ọ̀mì. Nínú èkejì, dúdú ló wà lọ́wọ́ Divya, aago Humpy sì ti ń lọ sópin nígbà tó ṣi ayò ta. Divya sunkún, ó lọ dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ayọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ mi, àánú Humpy sì ṣe mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí ti òpó yẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ chess nílò rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan ti yí. Òun ló jẹ́ kí n gbádùn ìgbà tí Ju Wenjun àti Tan Zhongyi ń du adé àgbáyé ní Shanghai àti Chongqing lọ́dún 2025. Tan ló kọ́kọ́ jẹ, Ju dá a padà fún un, ó wá tún jẹ mẹ́rin léra wọn. 6.5 sí 2.5 ló parí sí.

Ìdáhùn

Ó dáa, àbúrò mi, ẹ tan tiyín sílẹ̀, èmi á pa tèmi. Ṣé a rí ẹni tó wo Grand Swiss àwọn obìnrin, ìdíje ńlá mìíràn, ní Samarkand ní 2025? Vaishali kan náà ló tún gbà á, bó ṣe gbà á ní 2023. Kí ẹni tó wo ìpele tó kẹ́yìn wá sọ fún wa.