Wọ́n tẹ orúkọ mi sí Google níbi ìkómọ, ẹ gbà mí o

Ẹni tó fi orúkọ pamọ́
Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ kú ojúmọ́ o. Admin ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti ju ẹkún lọ. Sátidé tó kọjá a lọ síbi ìkómọ kan ní Woolwich, £85 ni wọ́n ta aṣọ ẹbí fún wa, èmi ni mo tún bá wọn gbé kúlà ìrẹsì méjì jáde nínú mọ́tò, ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí mo ti ń pín oúnjẹ ni mo ti rí obìnrin kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, èmi tí mo bá a mú ọmọ láti school fún odindi ọdún kan, ó na fóònù sí àwọn mẹ́ta tó jókòó tì í, ìka tó ní epo ìrẹsì ló fi ń fa ojú fóònù náà sókè. Àwòrán mi nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ ni! Èmi nínú bùláòsì búlúù, mo fọwọ́ bojú. Wọ́n gbójú sókè wò mí, gbogbo wọn dákẹ́, ìkan wá ní "ẹran méjì ni kẹ́ ẹ fún mi o, màámi" bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí Google pé kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní rárá. Mo kọ̀wé sí àwọn oníwèé ìròyìn, wọn ò dá mi lóhùn. Ṣé èèyàn ò lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni? Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́ àǹtí mi, ayé mà le o. Èmi náà, wọ́n mú fọ́tò mi lọ fi polówó oògùn jẹ̀dí ní Facebook, mi ò mọ nǹkan kan, àbúrò ọkọ mi ló pè mí láti Ìbàdàn pé ìyàwó wa, ṣé jẹ̀dí lẹ wá ń tà báyìí. Mo sunkún. Ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ọmọ Lọ́yà
Ẹ má bínú mà. Ẹ sọ ti ìrẹsì, ẹ sọ ti ẹ̀yìn, ẹ ò sọ ohun tó wà nínú ìwé ìròyìn. Ìlú wo? Ọdún wo? Ṣé òótọ́ ni wọ́n kọ?

Ẹni tó fi orúkọ pamọ́
London ni, 2012. Òótọ́ tàbí irọ́ kọ́ ni mo béèrè, ẹ̀tọ́ ni mo béèrè.

Ọmọ Lọ́yà
Ẹ̀tọ́ náà wà. Ọkùnrin ará Sípéènì kan, Mario Costeja González, ló jà á. 1998 ni ìwé ìròyìn La Vanguardia kéde pé wọ́n fẹ́ ta ilé ẹ̀ ní gbàǹjo torí gbèsè tó jẹ ìjọba. Ó yanjú gbèsè yẹn, àmọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá òun náà ló ṣì ń yọjú téèyàn bá tẹ orúkọ ẹ̀. Ní May 2014 kọ́ọ̀tù Yúróòpù tó wà ní Luxembourg ní èèyàn lè ní kí Google yọ irú líǹkì bẹ́ẹ̀ kúrò lábẹ́ orúkọ òun. Ìwé ìròyìn ò pa tiẹ̀ rẹ́ o, orúkọ yẹn ni kò ní fà á jáde mọ́.

Akọ̀ròyìn Tẹ́lẹ̀
Bàbá tí ò fẹ́ kí wọ́n mọ gbèsè òun, gbogbo ayé ló wá mọ̀ ọ́n báyìí 😂. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Mo ti jókòó ní kọ́ọ̀tù kọ ìròyìn títí ìdí fi ń ro mí, òótọ́ ni mo kọ, kí ẹnì kan wá dìde kó ní kí wọ́n gbé e pamọ́? Lọ́la gómìnà tó kówó jẹ náà á ní kí wọ́n gbàgbé òun.

Ọmọ Lọ́yà
Bọ̀dá, kọ́ọ̀tù yẹn náà sọ pé ẹni tó bá di ipò mú láwùjọ ò rí bíi mẹ̀kúnnù.

Ará Mọ́kọ́lá
Nílé níbí náà a ní òfin Data Protection ti 2023, èèyàn lè ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ òun rẹ́. Constitution abala 37 dáàbò bo àṣírí ẹni, abala 39 sì ní kí kálukú sọ̀rọ̀, kí wọ́n jọ wọ̀yá ìjà.

Akọ̀ròyìn Tẹ́lẹ̀
Wọ́n ní London, ìwọ ń sọ Abuja.

Ará Mọ́kọ́lá
Kí lẹ ń jágbe mọ́ mi fún? 2019 kọ́ọ̀tù Yúróòpù yẹn kan náà ní kò pọn dandan kí Google yọ ọ́ kárí ayé. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ ní London, èmi á ṣì rí i ní Mọ́kọ́lá.

Ìyá Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa bá mi yọ jẹ̀dí?

Ọmọ Lọ́yà
Àǹtí, wọ́n dá yín láre ni àbí ẹ jẹ̀bi?

Ẹni tó fi orúkọ pamọ́
Oṣù mẹ́sàn-án, suspended, mi ò sùn síbẹ̀ rárá. Owó ẹgbẹ́ kan ló dín, ìṣirò ló dàrú, mi ò jalè. Lọ́yà mi ló ní kí n gbà pé mo jẹ̀bi. Mo sì ti san án padà tán. Gbogbo ẹni tó ń ṣe bí ẹni mímọ́ ńbí, ẹ jẹ́ ká tẹ orúkọ tiyín náà.

Ọmọ Lọ́yà
Ẹ̀n-ẹ̀n. London níbí, 2018, àwọn méjì gbé Google lọ sí High Court, NT1 àti NT2 ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ̀wọ̀n àwọn méjèèjì ti pẹ́. NT2 borí torí ó kábàámọ̀, adájọ́ sì rí i pé kò jọ ẹni tó máa tún ṣe é. NT1, ìwé owó ló yí, kò kábàámọ̀, ó sì ṣì wà nídìí òwò, ó pàdánù. Ẹ lè gbé ti Google lọ sí ICO, àwọn tó ń rí sí òfin àṣírí ẹni ní UK, àmọ́ nǹkan tí wọ́n máa wò ni bóyá ẹ ṣì ń bá èèyàn tọ́jú owó. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?

Ẹni tó fi orúkọ pamọ́
Mò ń tọ́jú arúgbó, kò kan owó rárá. Àfi àjọ tí wọ́n ní kí n máa gbà láti oṣù tó ń bọ̀, èèyàn 20, £200 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni mo fi ń kánjú, kí ẹlòmíì má lọ tẹ orúkọ mi.

Akọ̀ròyìn Tẹ́lẹ̀
Ẹ gbọ́ ọ!

Ìyá Ìbejì
Àǹtí mi, dúró ná. Èèyàn 20, £200, Woolwich? Ṣé kì í ṣe àjọ tí mo ti forúkọ sí nìyẹn? Ẹ wá inbox mi kíákíá. Ẹ má sì pa post yìí rẹ́ o, mo ti ya screenshot ẹ̀.