Fóònù olówó ńlá, Yahoo àti agbófinró: kí lojú yín ti rí? Ẹ wá sọ tiyín

Atúnfóònùṣe Ìkẹjà

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Fóònù ni mò ń tún ṣe, tí mo tún ń tà, ní Computer Village n'Ìkẹjà. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lẹ́nu tipẹ́, mi ò sì rò pé ojú tèmi nìkan ló rí i.

Lára iṣẹ́ tó ń wọlé dáadáa lọ́dọ̀ wa báyìí ni pípààrọ̀ ara iPhone. Ẹni tó ní XR á gbé e wá, a ó tú u palẹ̀, a ó kó inú rẹ̀ sínú ara tuntun tó jọ ti 14 Pro tàbí 15 Pro. Kámẹ́rà mẹ́ta ni wàá rí lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan péré ló ń ríran. XR náà ló ṣì jẹ́. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní fóònù tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ara rẹ̀, páálí òfìfo ni wọ́n ń wá rà kí wọ́n lè gbé e ya fọ́tò. Mi ò bú wọn o. Ọmọge kan tó ń ta lọ́fíńdà lórí Instagram sọ fún mi pé bí oníbàárà bá ti rí fóònù pọ́ọ́kú nínú dígí tóun fi ń ya ara òun, wọ́n á ní ayédèrú lọjà òun. Ó fẹ́ tajà, ó ní láti jọ ẹni tó ti tajà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ọmọkùnrin kan tó bẹ̀ mí pé kí n sọ XR òun di 15 Pro. Nígbà tó ṣe, ó padà wá, ó ní kí n dá ara àtijọ́ padà sí i. Mo ní kí ló dé? Ó ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dá mọ́tò dúró lọ́nà Ẹ̀pẹ́, òun ni wọ́n ń ní kó sọ̀kalẹ̀.

Bí mo ṣe rí i sí ni pé ẹni tó ń lu jìbìtì, ẹni tó ń mú wọn, àti ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀, fídíò kan náà ni gbogbo wọn jọ ń wò. Ibẹ̀ ni ọ̀kan ti kọ́ ohun tí yóò rà, ibẹ̀ náà ni èkejì ti kọ́ irú ẹni tí yóò mú. Ẹ sọ tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ tẹ́ṣàn kankan, ẹ má kó wa síyọnu.

Onídàda Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kan egbò mi. Iṣẹ́ ayàwòrán lórí kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mò ń ya lógò àti páálí ọjà. Mo sì lọ́ irun mi bíi dàda.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń bọ̀ nílé, nínú mọ́tò elérò. Àwọn ọkùnrin kan tí wọn ò wọ aṣọ iṣẹ́ dá wa dúró, ìbọn wà lọ́rùn wọn. Wọn ò wo ìyá tó jókòó tì mí, wọn ò wo bàbá tó gbé adìyẹ lẹ́sẹ̀. "Ìwọ onídàda, sọ̀kalẹ̀." Wọ́n tú báàgì mi, wọ́n bá láptọ́ọ̀pù níbẹ̀. Ọ̀kan bi mí pé kí ni mo fi ń ṣe, mo ní mo fi ń yàwòrán. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Gbogbo yín náà lẹ ń yàwòrán."

Wọ́n ní kí n ṣí fóònù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń wò ó fún yín, torí ó ti mọ́ wọn lọ́wọ́. WhatsApp ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí, wọ́n á tẹ ibi tí wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀, wọ́n á kọ "dollar", wọ́n á kọ "client", wọ́n á kọ "babe". Ó di Gmail. Ó di fọ́tò. Áàpù báńkì ló kẹ́yìn, ibẹ̀ sì lọkàn wọn wà látìbẹ̀rẹ̀. Èmi ní client lóòótọ́, obìnrin kan tó ń ta ìpara ní Houston, dọ́là ló sì fi ń san owó mi. Ó parí! Bí wọ́n ṣe rí ọ̀rọ̀ méjèèjì lójú kan náà, mo ti di Yahoo nìyẹn. Ọ̀gá wọn wò mí láti òkè délẹ̀, ojú ẹ̀ wá dúró sí bàtà mi. "Bàtà yìí nìkan, èló ni? Ta ló fún ẹ lówó ẹ̀?" Bàtà ọ̀hún, òkìrìkà ni mo ti ṣà á l'Aléṣinlóyé.

Wọ́n gbé mi sórí ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń ṣe POS. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó yọ owó iṣẹ́ tiẹ̀, ó ka ìyókù lé wọn lọ́wọ́, ó sì kí wọn pé ẹ kúuṣẹ́ sà. Báyìí, bí mo bá ń rìnrìn àjò, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ló ń wà lápò mi. Èyí ńlá á wà nínú ọ̀rá, nínú gàrí.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Inú gàrí kẹ̀! Ẹ ṣeun, bọ̀ọ̀dá. Mo ti ń wá ibi tí mo máa kó tèmi sí.

Bàbá Àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé Instagram ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọmọdé ni mí ní September 8, 1971, tí wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì, ògbólógbòó adigunjalè, ní Bar Beach. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1970 ni, ìbọn kún ìgboro, ìjọba ológun sì gbé Decree 47 jáde lọ́dún yẹn pé ẹni tó bá fi ohun ìjà jalè, ikú ni. Oyènúsì yìí, "Dókítà" ló ń pe ara rẹ̀, ìwé ìròyìn sì gbé orúkọ náà kiri fún un. Àwa ọmọdé tí a ò tíì mọ̀wé kà dáadáa, a mọ bó ṣe ń múra àti irú mọ́tò tó fẹ́ràn láti já gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé mi kọ́rùn lọ síbẹ̀. Èrò ò lóǹkà. Ẹlẹ́pà wà níbẹ̀, ọlọ́sàn wà níbẹ̀. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n to àgbá sẹ́yìn wọn. Bar Beach Show làwọn èèyàn ń pè é, wọn ò sì fi ṣàwàdà. Ìjọba fẹ́ ká bẹ̀rù. Lọ́jọ́ kejì, ládùúgbò wa, a fi eré náà ṣeré. Gbogbo wa la fẹ́ jẹ́ Oyènúsì, a ò rí ẹni tó máa jẹ́ sójà, àfi ìgbà tí a fipá mú ọmọ kan tó kéré jù nínú wa.

Nígbà tó di 1986, Anini, adigunjalè mìíràn, dé ní Benin. Àwọn oníwèé ìròyìn tún gbé ìyẹn gẹ̀gẹ̀, débi pé olórí ìjọba fúnra rẹ̀ bi ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pé ibo ni Anini wà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pa òun náà.

Ìyá Aláṣọ, Alágbado

Bàbá, ẹ kú àtijọ́. April 2020 ni tèmi, ìgbà kónílé-ó-gbélé. Ìjọba àpapọ̀ ti ti Èkó àti Ògùn pa láti March 30, ebi sì wà níta. Ni ohùn obìnrin kan bá wọlé sórí WhatsApp wa, ó ń ké pé One Million Boys àti Awawa, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìta, ti ń wọlé onílé l'Alágbado. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé n'Ífọ̀ gba ohùn kan náà: obìnrin yẹn náà, igbe yẹn náà, ọmọ yẹn náà tó ń sunkún lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n kàn kọ Ìfọ̀ sábẹ́ tiwọn ni. Àwọn ará Agége náà gba tiwọn.

Mi ò sọ pé olè ò sí o. Wọ́n mú àwọn kan nígbà yẹn. Àmọ́ ariwo tó wà lórí fóònù pọ̀ ju olè tó wà nílẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn ọkùnrin ń dáná táyà ní gbogbo oríta mọ́jú, tàdá tàdá, toògùn toògùn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú ọmọkùnrin kan ní oríta wa. Kí ló ṣe? Ṣòkòtò jíǹsì tó wọ̀ ya lórúnkún, irú èyí tí wọ́n ń rà ní yíya látinú ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan ní bí àwọn Awawa ṣe ń múra nìyẹn, òun rí i nínú fídíò. Ẹlòmíràn ti ń wá epo bẹntiróòlù. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ló bá já wọ àárín wọn tòun ti ìró tó so mọ́ àyà, ó dùbúlẹ̀ lé ọmọ náà lórí. Bí wọ́n ṣe tú u sílẹ̀ nìyẹn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn tó gbá ọmọ náà mọ́lẹ̀ wá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ obìnrin yìí. Ó tà fún wọn.

Tíṣà Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ fídíò yìí, ẹ wá wò ó ní kíláàsì mi. Ọ̀rọ̀ Ramon Abbas, tí wọ́n ń pè ní Hushpuppi, làwọn ọmọ fi ń jẹun. Oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ Èkó tó ń gbé ní Dubai nígbà yẹn ni, àwọn tó ń tẹ̀ lé e lórí Instagram sì lé ní mílíọ̀nù méjì. Nígbà tí ọlọ́pàá Dubai mú un ní June 2020, wọ́n ṣe fídíò jáde, wọ́n fi orin sí i, wọ́n ń fi mọ́tò àti owó hàn. Mo rò pé àwọn ọlọ́pàá fẹ́ fi hàn pé ọwọ́ àwọn tẹ olè ni. Àwọn ọmọ mi wò ó bí ìpolówó ọjà, wọ́n mọ orúkọ mọ́tò kọ̀ọ̀kan.

Mo wá ṣàlàyé fún wọn pé Instagram yẹn gan-an wà lára ohun tí FBI kó lọ sílé ẹjọ́, títí kan fọ́tò ọjọ́ ìbí tó gbé síta, tí wọ́n fi mọ̀ dájú pé òun ni. Mo sọ pé ní November 2022, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 11 àti oṣù 3 fún un ní Los Angeles. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tó mọ̀wé gan-an ni o, nawọ́ sókè. Ó ní, "Mà, ibi tó ti ṣì í ṣe ni pé ó ń gbé fọ́tò síta." Kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìyá Tọ́lá, Peckham

Ẹ kú ilé o. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. August 2011, ọlọ́pàá yìnbọn pa ọkùnrin kan, Mark Duggan, ní Tottenham, ní London níbí, ìbínú ló kọ́kọ́ gbé àwọn èèyàn jáde. Kó tó di pé ó kan wa ní Peckham ní August 8, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní Duggan. BlackBerry ni wọ́n fi ń pe ara wọn, ṣọ́ọ̀bù bàtà àti ti fóònù ni wọ́n ń fọ́. Ọmọ kan jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, mo fojú mi rí i, ó ń wọ bàtà wò. Èyí tí kò bá a mu, ó tò ó padà sínú páálí dáadáa kó tó mú òmíràn. Bàtà tó jẹ́ pé gbogbo ara bọ́ọ̀sì ni wọ́n lẹ àwòrán ẹ̀ mọ́ látọdún dé ọdún!

Kóòtù ò sùn lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ kan sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí omi inú ike tí owó rẹ̀ jẹ́ £3.50. Ọlọ́pàá ń gbé fọ́tò kámẹ́rà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé ìròyìn ń tẹ ojú àwọn ọmọ síwájú ewé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kì í ṣe Bíbélì làwọn ìyá ń ṣí lẹ́yìn ìsìn. Ìwé ìròyìn ni, wọ́n ń fi ìka tọ ojú kọ̀ọ̀kan bóyá ọmọ ẹnì kan wà níbẹ̀.

Akọ̀wé Kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Ní Èkó, wọ́n ti ṣòfin ní 2021 pé kí ọlọ́pàá má to afurasí síwájú oníròyìn mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kí wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ lórí ìlà, kí fóònù àti láptọ́ọ̀pù wà lórí tábìlì níwájú wọn.

Irú olè kan wà tí kì í bá wọn dúró lórí ìlà yẹn. Ní January 2013, kóòtù kan l'Abuja dá ọ̀gá kan nínú ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá lẹ́bi, John Yakubu Yusuf. Bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí kó san ₦750,000. Ó sanwó. Ìgbà tí aráàlú pariwo, tí ẹjọ́ dé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ni wọ́n tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà lé e ní 2018. Onídàda, a ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bèèrè iye tó ra bàtà.

Onídàda Ìbàdàn

Bàbá, ẹ ṣeun. Bí wọ́n bá tún dá mi dúró ńkọ́, ṣé mo lè ní mi ò ṣí fóònù?

Akọ̀wé Kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì

Ọmọ mi, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde ní October 4, 2020 pé kí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè, yéé yẹ fóònù aráàlú wò lójú títì. Ọjọ́ keje sígbà yẹn, wọ́n tú SARS fúnra ẹ̀ ká, torí ìwọ́de. Ẹ̀rí wà pé o lẹ́tọ̀ọ́. Àmọ́ ojú títì kọ́ ni wàá ti ro ẹjọ́ fún ẹni tó gbé ìbọn. Bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mú ìwé iṣẹ́ rẹ dání, kó o sì fi nọ́ńbà mọ́tò tó o wọ̀ ránṣẹ́ sílé kẹ́ ẹ tó kúrò ní gáréèjì. Bí wọ́n bá gbé ẹ lọ sídìí POS, gba rìsíìtì. Àkókò àti ibi tó o wà máa ń wà lórí ẹ̀.